Òṣìṣẹ́ tó ń bú èébú lójú oníbàárà: bí ẹ ṣe máa yanjú ẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, búkà, kẹ́mísì, ilé ìṣerunlóge tàbí gáréèjì ní Ilé-Ifẹ̀, tí òṣìṣẹ́ yín ò ju mélòó kan lọ, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá ní ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Àwa ò nírú ẹ̀. Àwa la ń lọ sọ́jà, àwa la ń ka owó, àwa náà la ń là wọ́n nígbà tọ́rọ̀ bá dariwo níwájú káńtà. Ilé oúnjẹ ni tèmi, ní agbègbè Lágere, nítorí náà ìdí iná àti ìdí abọ́ ni ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ mi á ti wá. Ẹni tó ń ta oògùn tàbí tó ń tẹ̀wé á mọ bó ṣe máa yí i sí tiẹ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé èébú kì í ṣàdédé jáde lẹ́nu òṣìṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá ṣọ́ ọ dáadáa, ẹ máa rí i pé ibì kan náà, wákàtí kan náà, lórí ọ̀rọ̀ kan náà ló ti sábà máa ń wáyé. Ìbáwí ní àyè tiẹ̀, a sì máa dé orí ẹ̀. Àmọ́ ọ̀gá tó bá ń bá ẹnu nìkan wí láìtún ohun tó ń fà á ṣe, á máa lé òṣìṣẹ́ lọ, á máa gba òmíràn, èébú ò sì ní tán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó jáde

Gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú kọ́ ló gba ìyà kan náà.

Èyí tó kéré jù ni èyí tó kàn bọ́ lẹ́nu. Òróró ta sí i lọ́wọ́, tàbí wọ́n mú iná lọ bó ṣe fẹ́ lọ ata, ló bá ní, “Orí burúkú wo rèé!” Kò bú ẹnikẹ́ni. Oníbàárà tó gbọ́ ọ gan-an lè bá a kẹ́dùn. Ẹ fojú kìlọ̀ fún un, ó tán.

Lẹ́yìn náà ni èébú tí òṣìṣẹ́ ń sọ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní etígbọ̀ọ́ oníbàárà. “Ọ̀dẹ̀ yìí, ṣé mi ò ní kó o gbé ìrẹsì wá ni?” Ẹni tó jókòó tó ń jẹun ò mọ ẹni tí wọ́n ń bú, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n oúnjẹ ti yí padà lẹ́nu rẹ̀. Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Òun náà ni ọ̀gá máa ń fojú fò jù, torí ó rò pé kò kan oníbàárà.

Èyí tó kan oníbàárà gbọnrangandan ló tẹ̀ lé e. Kì í ṣe dandan kí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu kó tó di èébú. Kí wọ́n pòṣé gígùn, kí wọ́n ju ṣéńjì sórí káńtà dípò kí wọ́n fi lé èèyàn lọ́wọ́, kí wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́yìn, kí ọmọ ogún ọdún máa bi ìyá arúgbó pé “Kí lo fẹ́ rà?” Àwọn ìyá wa ní Ifẹ̀ níbí á ti gbàgbé “wèrè” kí wọ́n tó gbàgbé ìyẹn.

Èpè ni mo yà sọ́tọ̀. “Kò níí dáa fún ẹ.” “Wàá kú ikú ẹ̀sín.” Ẹni tó ń ra oúnjẹ lọ fún aláìsàn rẹ̀ ní OAUTHC, ilé ìwòsàn yunifásítì, aláboyún tó gbọ́mọ dání, ẹ ò lè sọ fún irú wọn pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Lójú tiwọn, kò sóhun tó ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tó bá ṣépè lójú oníbàárà lọ́dọ̀ mi kì í gba ìkìlọ̀ ẹnu. Ìwé ló ń gbà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ti ẹ̀yà àti ìlú tún burú jùyẹn lọ. Ọmọ Ifẹ̀ ń jẹun lọ́dọ̀ wa, ọmọ Modákẹ́kẹ́ ń jẹun lọ́dọ̀ wa, Hausa tó wá láti Sábó ń jẹun lọ́dọ̀ wa. Ìlú yìí ti rí ohun tó tó gẹ́ẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, rògbòdìyàn tó gbẹ̀mí èèyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Sábó, gbólóhùn asọ̀ láàárín èèyàn méjì ni wọ́n sì ní ó ti bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá fi ibi tí èèyàn ti wá bú u, ẹ má wádìí bóyá inú ló ń bí i.

Lójú ẹsẹ̀

Ẹ má pariwo. Ọ̀gá tó ń ké pé “Ṣé orí ẹ dàrú ni? O ń bú kọ́sítọ́mà!” ti sọ èébú kan di méjì.

Ẹ pe orúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì rán an níṣẹ́ kúrò níbẹ̀. Lọ́dọ̀ mi, “Lọ bá mi wo omi tó wà lórí iná” la ń sọ. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n látọjọ́ tí wọ́n ti gba iṣẹ́: fi ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ sílẹ̀, bọ́ sẹ́yìn, má fèsì, má ranjú. Ó lè má sí omi kankan lórí iná o. Oníbàárà ò mọ̀, ojú ò sì ti òṣìṣẹ́ lójú gbogbo èèyàn, ìyẹn ni kò fi ní bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹ wá tiyín, kó bá iṣẹ́ yín mu. Oníkẹ́mísì lè ní “Bá mi ka páálí tó wà nínú.”

Kí ẹ̀yin fúnra yín wá dúró síbi tó ti kúrò, kẹ́ ẹ parí ohun tí oníbàárà bá wá. Ẹ bu oúnjẹ rẹ̀, ẹ fún un ní ṣéńjì rẹ̀, lẹ́yìn náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀ ẹ́. Èèyàn tébi ń pa kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ ọ̀hún ò gbọdọ̀ gùn. “Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo ni ibí. Ohun tó sọ yẹn ò dáa, kò sì yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ níbí.” Ó tó. Ẹ má ṣàlàyé pé ọmọ òrukàn ni, ẹ má sọ pé ooru iná ló mú un. Èyí tó burú jù nínú gbogbo àlàyé ni “Ẹ má dá a lóhùn, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.” Ẹ ti jẹ́wọ́ nìyẹn pé ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì fi sílẹ̀ fún àwọn èèyàn.

Ṣé kí òṣìṣẹ́ kúnlẹ̀? Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló bú, bẹ́ẹ̀ ni: bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, kó jáde wá kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Bí bàbá ọ̀hún bá ti lọ tẹ́ ẹ sì mọ ilé rẹ̀, ẹ jọ lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ OAU tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni, “Ẹ má bínú” ti tó. Ẹ má fi dandan mú un kúnlẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú èrò. Ẹ̀tẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ mọ́, oníbàárà tó bá sì wọlé tẹ̀ lé e ló máa gbẹ̀san rẹ̀ lára.

Ẹ má yára máa fi ẹran kún abọ́ láti fi bẹ èèyàn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kàn án tààràtà, ẹ dá owó abọ́ yẹn padà fún un, kó tán síbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU, ọmọ Great Ife, lóye: bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹran wà fẹ́ni tí wọ́n bá bú ní Lágere, ẹ máa rí ẹni tó máa wá wá èébú kiri.

Bí ẹnì kan bá ti gbé fóònù sókè tó ń ya fídíò, ẹ má já a gbà, ẹ má sì fọwọ́ bo ojú rẹ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé fóònù ò sí níbẹ̀. Bó bá ti gbé e sórí WhatsApp, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́, kẹ́ ẹ pè é lórí fóònù tẹ́ ẹ bá ní nọ́ńbà rẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ yín kankan má bá ẹnikẹ́ni fà á níbẹ̀, kódà kí ohun tí wọ́n kọ jẹ́ irọ́.

Nígbà tí káńtà bá pa rọ́rọ́

Ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ bá a sọ ọ́, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ wákàtí yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbálẹ̀ tán, kí wọ́n tó lọ sílé, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má sí níbẹ̀.

Ẹ bi í ní ìbéèrè kẹ́ ẹ tó sọ tiyín. Bó ṣe sábà máa ń lọ nìyí:

“Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án?”

“Mà, bàbá yẹn ló kọ́kọ́...”

“Mo ti gbọ́ ti bàbá. Ìwọ ńkọ́, kí lo sọ?”

“Mo kàn fèsì ni, mà.”

“Kí ni èsì ọ̀hún? Sọ ọ́ fún mi bó o ṣe sọ ọ́ fún un.”

Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti sọ nínú ariwo, ó máa ń wúwo láti tún sọ níwájú ọ̀gá nígbà tí gbogbo nǹkan bá dákẹ́. Àwọn mìíràn á kàn wolẹ̀, ẹ ò ní í pẹ́ rí i pé apá kan iṣẹ́ yín ti parí.

Kẹ́ ẹ wá sọ nǹkan mẹ́ta fún un: ohun tó sọ tí kò dáa, ohun tó yẹ kó sọ, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá tún wáyé. Ẹ má kó ti pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ mọ́ ọn, ẹ má kó ti fóònù tó ń fi iná ṣọ́ọ̀bù ṣájì mọ́ ọn. Bí ẹ̀sùn bá ti pọ̀ jù, òun á mú èyí tó rọrùn jù nínú wọn, á máa jà lórí ìyẹn.

Ìlú kékeré ni Ifẹ̀. A mọ ìyá wọn, a mọ ìjọ tí wọ́n ń lọ, ẹlòmíràn gan-an, ọ̀rẹ́ wa ló mú un wá. Ẹ má tíì fẹjọ́ sùn wọ́n nílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bẹ́ ẹ bá ti lo ìyẹn tán, kí lẹ tún máa lò?

Àwọn àgbà ní ká fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Oúnjẹ ni ọwọ́ ọ̀tún tèmi: mi ò kì í jẹ́ kí ẹni tí mo bá wí lọ sílé láìjẹun.

Ẹ wá ibi tó ti ń jáde

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Gbogbo ìgbà tí ariwo bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, ẹni tó sọ̀rọ̀, àti ohun tí wọ́n ń fà. Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà, ẹ jókòó kà á. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ ohun tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀.

Tíráńsífà ló máa wà lókè. Oníbàárà ní òun ti sanwó, ó ń na fóònù rẹ̀ síta, wọ́n ti yọ owó lọ́dọ̀ rẹ̀. Alẹ́ẹ̀tì ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún ọmọ káńtà pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé oúnjẹ lọ tówó ò bá tíì wọlé. Èrò ń tì í láti ẹ̀yìn. Oníbàárà ní, “Ṣé olè ni mí ni?” Ọmọ káńtà ní, “Mi ò pè yín ní olè, ẹ̀yin lẹ pera yín.” Àwọn méjèèjì ló jàre. Báńkì ló pẹ́, wọ́n sì ti ń bú ara wọn.

Bí mo ṣe tún èyí ṣe nìyí. A ń gba owó kí a tó bu oúnjẹ, torí ìjà lórí abọ́ tó ti kún ló máa ń le jù. Fóònù kan wà ní káńtà tí kò ṣe iṣẹ́ mìíràn ju ti owó tó ń wọlé lọ. Inú áàpù báńkì la ti ń wò ó, a kì í dúró de ọ̀rọ̀ tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, torí ìyẹn lè pẹ́ gan-an kó tó dé. A kì í sì í wo ojú fóònù oníbàárà, nítorí alẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀ nílùú. Bí owó ò bá wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọ káńtà láṣẹ láti kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti iye owó sínú ìwé, kó sì jẹ́ kí onítọ̀hún máa lọ, bí owó náà ò bá ju iye tí mo dá fún un lọ. Kò ní láti pè mí. Àṣẹ yẹn gan-an ni oògùn ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí kò lágbára láti ṣe nǹkan kan, tó sì jẹ́ òun ni wọ́n ń pariwo mọ́, ẹnu nìkan ló kù fún un. A ti pàdánù abọ́ mélòó kan síbẹ̀, mi ò ní purọ́, àmọ́ mo fara mọ́ ọn ju ariwo lọ.

Ṣéńjì ló tẹ̀ lé e. Bẹ́ ẹ bá ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ láìní náírà àádọ́ta àti ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́, ẹ ti pe ìjà wá. Àwọn ìjọ máa ń ní owó wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, inú wọn sì máa ń dùn láti fi gba owó ńlá. Ẹ bá akápò kan sọ ọ́. Bí ẹ bá sì lè sọ iye ọjà yín di odidi tí kò ní nílò ṣéńjì kékeré, ẹ ṣe é.

Ebi. Àwọn tó ń bu oúnjẹ fún gbogbo ayé ni kì í jẹun. Ọmọ tó ti dúró láti aago mẹ́fà àárọ̀, tí kò sì tíì fi nǹkan kan sẹ́nu títí di aago méjì, òórùn ọbẹ̀ ń gbá a nímú, kò gbọdọ̀ yà yín lẹ́nu pé ó ń gbó. Kí wọ́n máa jẹun ní méjì-méjì kí èrò ọ̀sán tó dé.

Ariwo ẹ̀rọ amúnáwá náà wà níbẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ń dún lẹ́yìn fèrèsé ilé ìdáná, gbogbo ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ igbe, igbe kì í sì í pẹ́ di èébú. Ẹ gbé e jìnnà, tàbí kẹ́ ẹ ṣe bíi tiwa: ọmọ káńtà ń kọ ohun tí oníbàárà fẹ́ sórí ìwé pélébé, ó ń tì í gba ojú fèrèsé sí ilé ìdáná. Wọn ò ní láti pe ara wọn mọ́.

Gbèsè. Òṣìṣẹ́ tó rí oníbàárà tó jẹ gbèsè tó ń wọlé á fẹ́ sọ̀rọ̀, á sì sọ ọ́ kó ta sí i létí. Àwọn aládùúgbò wa ará Ìjẹ̀ṣà ló gbajúmọ̀ jù nínú gbígba gbèsè, àwọn òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn láyé ọjọ́un, tí wọ́n á lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí owó á fi jáde. Àwọn lọ́nà tiwọn. Níbi tí mo wà, ọ̀gá nìkan ló ń sọ̀rọ̀ gbèsè, ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà yunifásítì. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá wọlé àti ọ̀sẹ̀ ìdánwò, èrò á kún dé ojú títì. Ẹ gba ọwọ́ kan sí i fún àkókò yẹn. Bí ẹ bá sì jẹ òṣìṣẹ́ yín lówó oṣù, ẹ pa ìwé yìí dé ná, kẹ́ ẹ lọ san án.

Òfin tó ṣe é kà sókè

Tèmi ò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó wà lára ògiri ilé ìdáná, mo sì máa ń kà á fún ẹni tuntun kó tó wẹ abọ́ kan:

A kì í bú ẹnikẹ́ni níbí, ìbáà ṣe oníbàárà, ìbáà ṣe ẹlẹgbẹ́ wa.
A kì í ṣépè. A kì í fi ìlú, ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn bú èèyàn.
Bí wọ́n bá bú ọ, má dá a padà. Sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n pe ọ̀gá,” kó o sì kúrò níbẹ̀.
Ọ̀gá náà wà lábẹ́ òfin yìí.

Ìlà kẹta ló ń ṣiṣẹ́ jù. “Má bínú” kì í ṣe òfin, kò sẹ́ni tó lè pa á mọ́. Ọ̀nà tí èèyàn máa gbà kúrò níbẹ̀ lẹ máa fún un, pẹ̀lú gbólóhùn tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi dánra wò, kí ẹnì kan ṣe oníbàárà oníjàgídíjàgan. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rántí.

Ìlà kẹrin ló nira jù, fún àwa ọ̀gá. Bẹ́ ẹ bá ń bú alágbàáàrù tó gbé tòmátì wá láti ọjà Odò-Ògbè, tẹ́ ẹ sì ń bú ẹni tó ń ta gáàsì lórí fóònù, òfin ara ògiri ti di bébà lásán. Àwọn òṣìṣẹ́ mi láṣẹ láti sọ fún mi pé, “Mà, omi wà lórí iná o.” Wọ́n sì ń sọ ọ́.

Ẹ máa gbọ́ àtakò kan: “Àwàdà la ń bá ara wa ṣe.” Òótọ́ ni. Ọ̀rẹ́ a máa pe ọ̀rẹ́ ní wèrè, inú wọn á sì dùn. Oníbàárà ò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Kí wọ́n gbé àwàdà yẹn lọ sẹ́yìn ilé. Èdè Òyìnbó rírùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń kó nínú orin náà ń bẹ nínú ẹ̀. Wọ́n rò pé torí ìyá aláta ò gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó gbọ́. Olùkọ́ yunifásítì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Bó bá jẹ́ oníbàárà ló kọ́kọ́ bú u

A kì í torí pé a fẹ́ jẹran ká máa pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá. Bí oníbàárà bá ń bú òṣìṣẹ́ yín, ẹ jáde síta, kẹ́ ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bú ọmọ mi. Ẹ bá èmi sọ ohun tó bà á jẹ́.” Òṣìṣẹ́ tó bá ti gbọ́ yín tẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò mọ iye èébú tó máa gbé mì nítorí yín lẹ́yìn ìgbà yẹn. Bí òun náà bá ti fèsì kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ bá a wí lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kó fúyẹ́.

Ọ̀kan wà tí mi ò fi ṣeré. Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kan ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún un níbi tí kò yẹ, tí ọmọ náà sì là á mọ́lẹ̀ pẹ̀lú èébú tó le jù nílé ayé, ẹ má fi ìwé ìkìlọ̀ kankan wá a. Ọkùnrin yẹn lẹ máa ní kó jáde, ì báà jẹ́ ẹni tó ń ra oúnjẹ jù lọ́dọ̀ yín.

Ìwé ìkìlọ̀, àti ohun tí òfin sọ

Ìkìlọ̀ ẹnu lẹ́ẹ̀kan, ìwé lẹ́ẹ̀mejì, kó máa lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, yàtọ̀ sí ti èpè àti ti ẹ̀yà tí mo ti sọ. Ìwé náà ò ní láti gùn, kò sì ní láti jẹ́ èdè Òyìnbó tí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ò gbọ́:

“Ní ọjọ́ Ẹtì, aago kan ọ̀sán, o pe oníbàárà kan ní olóríburúkú níwájú káńtà. A ti kìlọ̀ fún ọ tẹ́lẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Kọ ohun tí ìwọ náà rí sí i sísàlẹ̀ ìwé yìí. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ó lè já sí pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ. “Ìwà àìtọ́” lè túmọ̀ sí ohunkóhun. Ẹ fún un ní àyè láti kọ tiẹ̀, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ fún un ní ẹ̀dà kan.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń ní, “Èébú kan, ẹgbẹ̀rún kan náírà, màá yọ ọ́ nínú owó oṣù ẹ.” Ẹ jáwọ́. Abala 5 òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní Labour Act, kò gbà kí ọ̀gá yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Kódà bó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan yín jẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó yọ owó ẹ̀. Òfin kan náà ló ní kẹ́ ẹ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ bí àdéhùn iṣẹ́ ṣe rí, kó má ju oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Inú ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ kọ òfin èébú sí, kó má bàa di pé wọn ò sọ fún un. Ẹ má sì gbá ẹnikẹ́ni létí. Àgọ́ ọlọ́pàá lẹ máa ti ṣàlàyé yẹn.

Bó bá ṣe ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ni, òbí tàbí alágbàtọ́ tó fọwọ́ sí ìwé ìkọ́ṣẹ́ lẹ máa pè kẹ́ ẹ tó gbé ìgbésẹ̀ kankan. Bó bá ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni, ẹ kú ewu. Ìwé kan náà ni kẹ́ ẹ kọ fún un, ọjọ́ kan náà, torí àwọn tó kù ń wò yín.

Bó bá di kó máa lọ

Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ìfitónilétí ọjọ́ kan kó tó lọ ni òfin ní kẹ́ ẹ fún un. Láti oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá ti tó ọdún márùn-ún, oṣù kan. Èyí tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, ẹ sì lè san owó ọjọ́ wọ̀nyẹn fún un kó máa lọ lójú ẹsẹ̀. Lọ́rọ̀ èébú, owó ọ̀hún ló dáa jù: ẹni tó mọ̀ pé òun ń lọ, tẹ́ ẹ tún fi sí ìdí káńtà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa gbọ́ nǹkan. Ẹ san gbogbo owó tó ṣe títí dọ́jọ́ yẹn. Bí oníbàárà bá bèèrè rẹ̀, “Ó ti lọ síbòmíràn” ni.

Kẹ́ ẹ tó gba ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀, ẹ ní kó wá ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ sanwó ọjọ́ yẹn fún un. Ẹ má pè é láàárọ̀ tí gbogbo nǹkan rọlẹ̀. Aago kan ọ̀sán ni kó dé, ní ọjọ́ tí yunifásítì bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kẹ́ ẹ fi sí ìdí káńtà pẹ̀lú ẹnì kan tó ti mọ iṣẹ́, kí ẹ̀yin jókòó síbi tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, kẹ́ ẹ tẹ́tí sílẹ̀.